Kátúùnù ìkíni Iléyá tí àwa márùn-ún fẹ́ jọ ṣe: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Yàwòrán_Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la fẹ́ ṣe kátúùnù kékeré kan tá a máa fi kí àwọn èèyàn wa kú ọdún Iléyá. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa jẹ́ ọmọ ọdún 22, ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 17. Èmi àti ẹnì kan wà l'Abẹ́òkúta, ẹnì kan wà n'Íbàdàn, ẹnì kan wà ní Ṣakí, ẹnì kan sì wà ní London. Kálukú wa ló ń dá ya tirẹ̀ látọjọ́ yìí, a ò tíì jọ ṣe nǹkan kan pọ̀ rí.

Ìtàn tá a kọ sílẹ̀ nìyí: bàbá kan mú ọmọ ẹ̀ lọ sọ́jà ẹran, wọ́n ra àgbò. Àgbò já okùn, ó sá lọ, gbogbo àdúgbò ń lé e. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n pa àgbò. Wọ́n lọ kírun ní Yídì, wọ́n dé, wọ́n pín ẹran. Lẹ́yìn náà a gbé àwòrán lọ sí Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, gbogbo wọn wá kígbe pé "Ẹ kú ọdún!" A fẹ́ kó gùn tó ìṣẹ́jú kan. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù.

Báwo la ṣe máa pín iṣẹ́ yìí? Ẹni tó wà ní Ṣakí ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù ló fi ń yàwòrán. Krita lèmi ń lò, Blender ni ti ẹni tó wà n'Íbàdàn (ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà ni méjèèjì), iPad ni ti ẹni London. Ọ̀rọ̀ ohùn náà ò tíì yé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún wa. Tó bá jẹ́ pé ìtàn yẹn ò dáa, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Fírémù

Àbúrò, ẹ kú ìmúra. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Fírémù, ìyẹn ojú fídíò kọ̀ọ̀kan, 24 ló ń kọjá lójú èèyàn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún fírémù méjì, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe, àwòrán 12 lẹ máa yà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan á gba 720. Ẹ̀dá kan ṣoṣo nìyẹn ṣì jẹ́ o! Ẹ wá ro ọmọ mọ́ ọn, ẹ ro bàbá, ẹ ro àgbò, ẹ ro gbogbo àdúgbò tó ń lé àgbò, kẹ́ ẹ tó wá kan ẹṣin. Ẹ ń lọ síléèwé, ẹ ní láti sùn, iná á sì máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méje ò lè gbà á.

Ẹ yọ Ojúde Ọba kúrò. Mo mọ̀ pé á dùn yín, torí ó dun èmi náà. Ìgbà tí àwọn regberegbe (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu) bá ń kọjá níwájú ọba pẹ̀lú aṣọ wọn, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn láti yà tó o. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹṣin ti lé ọ̀pọ̀ àgbà ayàwòrán kúrò nídìí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ìkíni yín sì gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn kó tó dìgbà yẹn. Ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ fi ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ yọ ọjà kúrò. Ẹ yọ àdúgbò tó ń lé àgbò kúrò. Kí ló wá kù? Ọmọ kan, okùn kan, àgbò kan. Ọmọ fẹ́ mú àgbò lọ sílé, àgbò ò gbà, àgbò ló ń fa ọmọ kiri àdúgbò. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá ti kọjá, ẹnì kan á yọjú, á kí wọn. Wọ́n délé, ìyá ọmọ kí gbogbo wa. Ó parí. Ẹ wò ó, eré sísá àgbò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa yà, á kàn máa yípo ni. Àwòrán 12 àgbò lè sáré gba àdúgbò mẹ́rin kọjá tó bá jẹ́ àwọn ilé tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lẹ̀ ń pààrọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ti tó yín.

Yàwòrán_Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka èsì yín fún gbogbo wa lórí fóònù lálẹ́ àná. Ẹni tó kọ apá Ojúde Ọba kọ́kọ́ dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá ní òótọ́ lẹ sọ. A ti gba ìtàn àgbò tó ń fa ọmọ. A ṣì fẹ́ kí Yídì àti ẹran wà níbẹ̀ díẹ̀, torí ọdún gan-an nìyẹn.

Ọmọ_Àlùfáà

Kẹ́ ẹ tó fi Yídì sí i, ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe. Nínú ìtàn yín àkọ́kọ́, wọ́n pa àgbò kí wọ́n tó lọ kírun. Ìrun ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá pa ẹran ẹ̀ kí wọ́n tó kírun Yídì, ẹran jíjẹ lásán ló pa, kì í ṣe ẹran Iléyá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá nílé kéwú mọ èyí, tó bá sì rí i nínú kátúùnù yín, ìyẹn láá máa sọ fún gbogbo ilé, kò ní rántí pé àgbò yín rẹwà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe ohùn máa fẹ́ fi ìpè ìrun sí ibi Yídì. Ìrun ọdún kò ní ìpè. "Allahu Akbar" làwọn èèyàn ń ké lọ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó wọ aṣọ tuntun, ẹní ìkírun lábẹ́ apá, tí wọ́n ń ké e bọ̀ láti òkèèrè, ohùn yẹn nìkan ti tó láti sọ pé ọdún dé. Ẹ ò ní láti ya ẹgbẹ̀rún èèyàn tó wólẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀bẹ hàn, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa wò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹran wà níbẹ̀, ẹ ya abọ́ ẹran tí wọ́n fi aṣọ bò, tí ọmọ náà ń gbé lọ fún aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Gbogbo wa la dàgbà sínú ìyẹn. Lọ́jọ́ Kérésì, abọ́ yẹn á padà wá pẹ̀lú ìrẹsì.

Ẹ̀gbọ́n_Fírémù

Abọ́ yẹn! Ẹ fi parí ẹ̀. Ọmọ gbé abọ́, ilẹ̀kùn ṣí, ó tán. Ẹ ò nílò àwòrán tó lé ní 30 fún un.

Ilé_Ẹran_Bódìjà

Mi ò kì í ṣe ayàwòrán, ẹran ni bàbá mi ń tà, mo sì ti wà nídìí àgbò láti kékeré. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àgbò yín, nítorí àgbò inú kátúùnù sábà máa ń jọ ajá tí wọ́n fi ìwo sí lórí.

Tí àgbò bá ń rìn jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ gbé, tiwájú ẹ̀gbẹ́ kan náà á tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún, bó ṣe ń yípo nìyẹn. Ojú ẹ̀, dúdú inú ẹyinjú náà kì í rí róbótó bíi tiwa, ṣe ló nà gbọọrọ láti ọ̀tún sósì. Tẹ́ ẹ bá yà á róbótó, ẹnikẹ́ni tó bá ti di okùn àgbò mú rí máa mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ déédéé, bí kò tiẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Irú àgbò wo lẹ fẹ́ yà? Balami funfun látòkè délẹ̀, ó sì tóbi. Yankasa náà funfun, àmọ́ dúdú máa ń wà yí ojú ẹ̀ ká, àti létí àti lẹ́nu. Uda ni ìdajì iwájú ẹ̀ dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ìdajì ẹ̀yìn sì funfun. Uda ni kẹ́ ẹ yà. Lójú fóònù kékeré, ibi tí iwájú wà àti ibi tí ẹ̀yìn wà á hàn kedere kódà tí àgbò bá ń sáré.

Tí àgbò ò bá fẹ́ lọ, kì í fa sẹ́yìn bí ajá. Á fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀, á rẹ orí wálẹ̀, ọrùn ẹ̀ á le gbagidi. Ọmọ tó ń fà á ló máa ń ṣubú sẹ́yìn.

Yàwòrán_Ẹ̀gbá

Ẹ gba ẹ̀bùn! Ojú yẹn ni mo ti ń ṣì yà látọjọ́ yìí.

Ìyàwó_Storyboard

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ pípín iṣẹ́, torí kò tíì sẹ́ni tó dáhùn ẹ̀. Ẹ má pín in ní ìran-ìran, pé "ìwọ ṣe ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, èmi á ṣe èkejì." Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn á ní orí márùn-ún, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ pín. Ẹnì kan á ṣe bí ọmọ àti àgbò ṣe rí láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí pupa fìlà má di ọsàn lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹnì kan á ya àwọn ìdúró pàtàkì. Ẹnì kan á ya àwọn tó wà láàárín wọn. Ẹnì kan á ya ilé àti títì. Ẹnì kan á mójú tó ohùn, á sì to gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun tó mọ́, ẹ fi àwòrán játijàti bí 20 sórí ohùn, kẹ́ ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Animatic là ń pè é. Ẹ fi han ẹnì kan tí kò mọ ìtàn náà, ẹ má ṣàlàyé. Tí kò bá yé e pẹ̀lú àwòrán játijàti, àwọ̀ dídára ò ní jẹ́ kó yé e.

Ọwọ́_Òsì

Ẹ dákun, mi ò fara mọ́ èyí tó ní ká má pín in ní ìran-ìran. Lóòótọ́, orí ọmọ á yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kun àwọ̀ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan rìn, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kọ́ṣẹ́. Níbi tá a ti ṣe tiwa, ẹni tó kun àwọ̀ ò bá wa ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí kálukú ní ibi kékeré kan, kó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, tó jẹ́ tiẹ̀.

Ìyàwó_Storyboard

Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Mo gbà. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló wà, abọ́ ni ìkarùn-ún, ẹni márùn-ún sì ni wọ́n. Kálukú lè ya ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tiẹ̀ bó ṣe wù ú, torí ẹ̀ẹ̀kan la máa rí ẹni yẹn. Ọmọ àti àgbò nìkan ni kẹ́ ẹ fi sọ́wọ́ ẹni kan.

Alùgángan_Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àwòrán, ìkíni sì ni iṣẹ́ yìí. Etí la fi ń gba ìkíni. Ẹ wá alùlù kẹ́ ẹ tó ya àgbò.

Ẹ gbọ́: ẹ kú ọdún Iléyá. Re mí re mí re mí mí. Ìlù méje nìyẹn. Gángan á sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á sì gbọ́ ohun tó sọ láìsí ẹni tó lanu. Ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni yín: mo máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ àgbò máa kanlẹ̀ sí ìlù yẹn. Kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀ síbi "kú", kó kanlẹ̀ síbi "dún." Àwọn èèyàn á rò pé eré lásán ni àgbò ń sá. Tó bá di ẹnu ọ̀nà kejì, ẹnì kan á gbọ́ ọ.

Ẹ má ṣe gba ohùn ìlù látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní mọ ohun tó ń sọ. Mo ti gbọ́ ìpolówó ọdún kan rí tí gángan inú ẹ̀ ń ki ẹni tó ti kú. Ẹ lọ bá alùlù, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín fún un, ẹ sanwó fún un. Ẹ jẹ́ kó lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́, níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti kánkán.

Ẹ̀gbọ́n_Fírémù

Baba, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ. Tí ohùn bá ti wà nílẹ̀, ẹ gbé e sínú Audacity (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe), ẹ wo ibi tí ìlù kọ̀ọ̀kan ti bọ́ sí, ẹ fi 24 ṣírò ẹ̀, ẹ óò mọ fírémù tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Iṣẹ́ á dín kù, torí ẹ ò ní máa méfò mọ́. Tí ìlù bá bọ́ sí fírémù 37, kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀ ní 36 tàbí 37, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ojú máa ń dárí jì í tí àwòrán bá fi fírémù kan ṣáájú ohùn, kì í dárí jì í tó bá pẹ́ lẹ́yìn.

Olóhùn_Iyọ̀

Mo máa ń gbohùn sílẹ̀ fún rédíò, mo sì ti bá àwọn oníkátúùnù ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni tèmi.

Àwòrán ẹnu tẹ́ ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní ẹnu fún v, ó ní ẹnu fún th, a ò ní ìkankan níbẹ̀. Tiwa ò ju méje lọ: ẹnu tó pa dé fún b, m, p àti gb; eyín lórí ètè fún f; ọ̀kan fún a; ọ̀kan fún ẹ; ọ̀kan fún e àti i papọ̀; ọ̀kan fún ọ; ọ̀kan fún o àti u papọ̀. P àti gb yẹn, ẹ jẹ́ kí ètè pa dé fún fírémù méjì gbáko kó tó ṣí, torí a máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́ ibẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ṣí wéré, b lásán ni wọ́n jọ.

Ohun tí mo rí tí gbogbo èèyàn ń ṣì ṣe nìyí: ọ̀rọ̀ náà "ọdún." Wọ́n á rí n níparí ẹ̀, wọ́n á sì yí ẹnu padà bíi pé kọ́ńsónáǹtì ni. Fáwẹ̀lì aránmú ni. Ẹnu á ká róbótó, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ohùn á fi tán. Níbi tí ìyá ọmọ bá ti ń sọ "Ẹ kú ọdún," tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ dúró ní róbótó tó sì rọra di ẹ̀rín, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló máa dáhùn.

Ẹ fi fóònù gbohùn, ó ti tó, ṣùgbọ́n inú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí ni kẹ́ ẹ wà. Ẹ pa fáànù. Ẹ ṣe é nígbà tí àwọn aládùúgbò ò bá tíì tan jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ fẹ́ lo ohùn ẹ̀, ẹ gbàyè lọ́wọ́ òbí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan fóònù, kí òbí náà sì jókòó tì í.

Fóònù_Nìkan

Ẹni Ṣakí, mo kí ọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi yàwòrán lórí fóònù kí n tó ní láptọ́ọ̀pù. FlipaClip, áàpù orí fóònù tí wọ́n fi ń ya kátúùnù, lè ya ìdúró pàtàkì dáadáa, ṣùgbọ́n lọ sínú ètò iṣẹ́ náà, kó o rí i pé iye fírémù tó wà níbẹ̀ bá tàwọn yòókù mu. Tí tìẹ bá wà ní 12 tí tiwọn wà ní 24, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á tí ìlù àti ẹsẹ̀ fi ń yàgò fúnra wọn.

Tí mo bá wà nípò ẹ, ilé ni mo máa yà. Fi pẹ́ńsù àti àwọ̀ omi yà á sórí pépà ńlá, páànù orí ilé tó ti dípẹtà, àwọn wáyà iná, gọ́tà, kíóṣìkì alágbo. Yà á gùn bíi teepu kí wọ́n lè máa fà á kọjá lẹ́yìn àgbò. Gbé e síwájú fèrèsé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, má tan fìláàṣì, yà á ní fọ́tò láti òkè tààrà. Àwọ̀ orí pépà ní ohun kan tí kọ̀ǹpútà wọn ò ní. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ fún òmíràn.

Iná_Lọ

Kíákíá, torí ṣáàjì mi ń tán lọ. (1) Kí gbogbo ẹni tó ń lo Blender lo ẹ̀dà kan náà. Fáìlì tí wọ́n ṣe nínú èyí tó jẹ́ tuntun lè sọ nǹkan nù nínú èyí tó ti pẹ́. (2) Tẹ́ ẹ bá fẹ́ render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà sọ iṣẹ́ yín di fídíò, ẹ má ṣe é sí MP4 (fáìlì fídíò) tààrà. Ẹ jẹ́ kó máa kó àwòrán PNG jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá múná lọ ní fírémù 600, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ láti 601. Tó bá jẹ́ MP4 ni, gbogbo ẹ̀ ló lọ yẹn. (3) Orúkọ fáìlì: agbo_sare_03, kì í ṣe "final," kì í ṣe "final gidi." (4) Ẹ má máa fi àwòrán iṣẹ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, á fún un pọ̀. Ẹ yan Document.

Peckham_Ọmọ_Ìṣẹ́yìn

Fún ẹni yín tó wà ní London: láti ìparí oṣù Ẹrẹ́nà títí di ìparí oṣù Ọ̀wàrà, aago ibí àti aago Nàìjíríà dọ́gba. Ẹ lè jọ máa pé jọ lálẹ́ láìsí pé ẹnì kan ń jí lóru.

Akọ̀wé_Onídòótì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà ba iṣẹ́ rere jẹ́ níparí. Mo máa ń rí ìkíni ọdún tí wọ́n kọ "E ku odun," tàbí tí àmì ohùn fò sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyí. Ẹ ó dán fọ́ǹtì ẹlẹ́wà kan wò pẹ̀lú "Ẹ kú ọdún Iléyá," á jáde dáadáa, inú yín á dùn. Ẹ wá kọ "Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀" sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dàrú. Ìdí ni pé Ẹ, ọ, ú, é ní ààyè tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì sábẹ́ tó tún ní àmì ohùn lórí, bí ẹ̀ àti ọ̀, kò ní ààyè kan ṣoṣo. Ṣe ni wọ́n ń gbé àmì náà lé e lọ́tọ̀, fọ́ǹtì tí wọn ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é á sì gbé e síbi tó wù ú. Noto Sans, Gentium àti Charis mọ̀ ọ́n ṣe. Ìlà kejì yẹn ni kẹ́ ẹ máa fi dán fọ́ǹtì wò.

Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ayàwòrán ni yín. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́. Kí okùn àgbò ya ara ẹ̀ di lẹ́tà.

Tó bá jẹ́ fún fóònù, àwòrán òòró ni, 1080 sí 1920, kẹ́ ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ sí òkè pátápátá tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí orúkọ ẹni tó gbé e sí Status àti ibi tí wọ́n ń dáhùn sí á bò ó.

Ọmọ_Àlùfáà

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ẹ má kọ déètì sínú ẹ̀, ẹ má sì fi ọjọ́ tó wà nínú kàlẹ́ńdà ṣe gbèdéke. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja ni Iléyá, ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù tí Súltánì Sókótó sì kéde ẹ̀ ló dájú. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Òkúdù ló bọ́ sí, ní 2025 ó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù kan náà. Ó ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ìgbà tí wọ́n bá ti kéde oṣù, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù fún yín, kí iṣẹ́ ti parí nígbà yẹn, kó jẹ́ pé àtúnṣe ohùn nìkan lẹ̀ ń ṣe. Ti Ìtúnu Ààwẹ̀ le jù ú lọ, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n máa ń kéde ẹ̀.

Ọwọ́_Òsì

Kí n sọ ohun tó fọ́ ẹgbẹ́ wa, torí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ìkíni ọdún tuntun la ṣe, àwa mẹ́rin. Ó dùn, àwọn èèyàn ń pín in kiri. Ilé iṣẹ́ kan wá kàn sí ọ̀kan nínú wa pé àwọn fẹ́ rà á, kí wọ́n fi àmì tiwọn síparí ẹ̀. Ó tà á. Ó rò pé nǹkan tó yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn, ó tiẹ̀ pín owó náà fún wa. Ṣùgbọ́n orúkọ wa ti kúrò níbẹ̀, ohùn àbúrò ọ̀kan nínú wa sì ń polówó ọjà tí ìyá wọn ò fọwọ́ sí. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ń rí i.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, ojú ìwé kan péré: ta ló ṣe kí ni, báwo lorúkọ á ṣe tò, ẹni mélòó ló gbọ́dọ̀ gbà kẹ́ ẹ tó lè tà á, ibo ni fáìlì wà. Kí kálukú fọwọ́ sí i. Ẹ kọ orúkọ alùlù síbẹ̀. Ẹ má lo orin tó ní olóhun, òfin Copyright ti 2022 wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà, YouTube náà á sì gbọ́ ọ kí ènìyàn tó gbọ́ ọ.

Alùgángan_Ọ̀yọ́

Orúkọ alùlù! Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí.

Yàwòrán_Ẹ̀gbá

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

A ṣe é tán. Ìṣẹ́jú-àáyá 38 ló jẹ́, fírémù 912. Ọ̀dọ̀ alùlù kan n'Ítòkú la lọ, a sọ ọ̀rọ̀ wa fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí ọmọdé ti wá bá òun pé kí òun kí èèyàn. Ó lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí Baba ṣe wí. Èyí tó wà láàárín la mú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni eré sísá àgbò gbà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ àwòrán 12. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la pa á rẹ́. Ìgbà kìíní, ó ń fò. Ìgbà kejì, ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ìlù mu ṣùgbọ́n kò wúwo. Ẹni Ìbàdàn ló rí i pé ara àgbò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, kí ìrù ẹ̀ tún wá tẹ̀ lé e ní fírémù méjì lẹ́yìn náà. Nígbà tá a ṣe ìyẹn, àgbò dé.

Ilé tí ẹni Ṣakí yà sórí pépà ló rẹwà jù nínú gbogbo ẹ̀. A pa tèmi tì, a lo tiẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnu ọ̀nà kẹta ò parí dáadáa, ọwọ́ bàbá yẹn kò lọ déédéé, a ò ráàyè tún un ṣe. Iná lọ ní fírémù 611 lálẹ́ tá à ń render. PNG ni, a bẹ̀rẹ̀ láti 612. Ẹ ṣeun, Iná_Lọ.

Ìyá àgbà mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn láàárọ̀ ọdún lẹ́yìn tá a ti Yídì dé. Àgbò ṣì ń sáré gba ẹnu ọ̀nà kìíní kọjá, ẹnikẹ́ni ò tíì lanu nínú ẹ̀, Ìyá ti ń dáhùn: "A kú ìyèdún o, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀." Wọ́n ní ta ló wà níta tó ń lù.

Àwọn méjì ti bi mí nípa àwòrán ẹnu méje yẹn. A yà á fún ojú iwájú àti fún ẹ̀gbẹ́, ní PNG, láìsí àwọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó sọ níbí, màá gbé e sórí Drive lálẹ́ yìí tí dátà mi bá ti wọlé. Ti p àti gb wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀, ẹ má gbàgbé láti jẹ́ kí wọ́n pa dé fún fírémù méjì.